Màsúdát, Páànù Másà àti Ihò Funfun

Màsúdát nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Àdúgbò Adéwọlé ní Ìlọrin ni ilé wọn wà.

Ọjọ́ tí Màsúdát fẹ́ràn jù ni Jímọ̀. Ní àárọ̀ Jímọ̀, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, máa ń dín másà.

Ìrẹsì lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe másà. Á wú, á funfun, á rọ̀ múlọ́múlọ́.

Páànù másà Ìyá Àgbà dúdú bí èédú. Kòtò roboto méje ló wà lára rẹ̀. Ìyá Àgbà á bu ìrẹsì lílọ̀ sínú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣìì! Ṣìì! Ṣìì!

Másà àkọ́kọ́ kì í dára. Ńṣe ló máa ń ya.

Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹni tó jókòó tì mí ló ni àkọ́kọ́." Màsúdát ló máa ń jókòó tì í.

Á gbà á. Á fẹ́ ẹ. Fúù, fúù, fúù. Á jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ kan, Ìyá Àgbà kò dín másà. Ìyá Àgbà ti kú.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n gbé e jáde láti lọ sin ín. Màsúdát ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Bàbá rẹ̀ ló wà níwájú.

Nígbà tó yá, Bàbá padà dé. Ìyá Àgbà kò bá a dé.

"Bàbá, ìgbà wo ni Ìyá Àgbà ń bọ̀?"

Bàbá kò wo ojú rẹ̀. "Kò ní padà mọ́, Màsúdát. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kì í padà."

Màsúdát ronú, ronú. Ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Níbo ló ti gbọ́ ọ?

Hẹ̀n-ẹ́n! Lẹ́nu Àǹtí Rodiyah ni!

Àbúrò Bàbá ni Àǹtí Rodiyah. Ó wà ní yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ nípa oòrùn àti ìràwọ̀. Ó ti fi àwòrán kan han Màsúdát rí lórí fóònù rẹ̀.

"Ihò dúdú nìyí," ni Àǹtí wí lọ́jọ́ náà. "Ojú ọ̀run ló wà. Ohun tó bá kó sínú rẹ̀ kì í jáde mọ́. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá, á gbé e mì. Gbìì!"

Àyà Màsúdát já. Áà! Ihò dúdú ló gbé Ìyá Àgbà mì!

Bó bá tún wá gbé Bàbá ńkọ́?

Ni Màsúdát bá bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò. Ihò kan wà ní balùwẹ̀ tí omi ń gbà lọ. Ó fi òkúta dí i. Kọ́!

Inú bàtà Bàbá ṣókùnkùn. Ó ki ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́. Fìn, fìn, fìn.

Ó dé ilé ìdáná. Kí ló rí? Páànù másà! Ihò dúdú kan. Ihò dúdú méjì. Ihò dúdú méje!

Yéè! Màsúdát gbé páànù náà, ó wúwo bí ọmọ ìkókó. Ó tì í sí abẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó fi hìjáàbù bò ó.

Omi kún balùwẹ̀ fọ́fọ́. Ẹsẹ̀ Bàbá kò wọ bàtà. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, Bàbá ì bá ti rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Bàbá kò jẹun dáadáa. Orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jókòó sí, á máa wo ilẹ̀.

Jímọ̀ mìíràn dé. Àdúà ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà ni.

Màmá ti ra ìrẹsì wá láti ọjà Ìpàta. Wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó sì ti wú. Másà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ àdúgbò, kí àwọn ọmọ lè ṣàdúà fún Ìyá Àgbà.

"Páànù dà?" ni Màmá wí.

Ó wò ó lórí tábìlì. Kò sí. Ó wò ó nínú agbọ̀n. Kò sí. Ó wò ó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí, kò sí, kò sí.

Àǹtí Rodiyah wọ yàrá. Màsúdát jókòó sórí ibùsùn, ó fẹsẹ̀ dí abẹ́ rẹ̀.

"Màsúdát, kí ló ṣe ọ́? Ṣé ìwọ lo gbé páànù?"

Màsúdát bú sẹ́kún. "Àǹtí, ẹ má mú un! Ihò dúdú méje ló ní! Ihò dúdú ti gbé Ìyá Àgbà. Á gbé Bàbá. Á gbé ẹ̀yin náà!"

Àǹtí Rodiyah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo dẹ́rù bà ọ́," ló wí. "Má bínú. Ihò dúdú jìnnà sí wa gan-an. Kò sí ní Ìlọrin. Òun kọ́ ló gbé Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ti dàgbà, ara rẹ̀ ò yá, ó sì kú."

Màsúdát nu imú. "Ṣé kò wá sí ihò tó ń dá nǹkan padà ni?"

"Àwọn tó ń ṣe ìṣirò ní ó lè wà. Ihò funfun ni wọ́n ń pè é. Òun kì í gba nǹkan wọlé rárá. Ńṣe ló ń tú nǹkan jáde."

Màsúdát fò dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ dúró síbẹ̀! Ìyá Àgbà á jáde!"

Àǹtí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kò sẹ́ni tó tíì rí i rí. Inú ìwé nìkan la ti mọ̀ ọ́n. Bó bá tiẹ̀ wà, Ìyá Àgbà ò ní gba ibẹ̀ jáde."

"Rárá rárá?"

"Rárá rárá, ọmọ mi."

Màsúdát sunkún. Àǹtí Rodiyah náà sunkún, torí pé ìyá tirẹ̀ ni Ìyá Àgbà.

Wọ́n sunkún títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn náà, Màsúdát rá wọ abẹ́ ibùsùn. Ó fa páànù jáde. Wọ́ọ́, wọ́ọ́, wọ́ọ́.

"Ẹ wá dín in," ló wí. "Kí àwọn ọmọ lè ṣàdúà fún Ìyá Àgbà."

Iná ń jó. Páànù gbóná. "Bísímílà," ni Àǹtí wí, ó sì bu ìrẹsì sínú kòtò dúdú.

Ṣìì!

Màsúdát di Àǹtí láṣọ mú. "Ó ti gbé e mì!"

"Fara balẹ̀," ni Àǹtí wí.

Ó fi ṣíbí yí i. Ó fi ṣíbí hú u. Másà jáde! Ó funfun, ó rí roboto, ó sì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohùn Àǹtí rọ̀. "Ẹni tó jókòó tì mí ló ni àkọ́kọ́."

Màsúdát gbà á. Ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́. Ó rọra gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sọ́dọ̀ Bàbá.

"Bàbá, ẹ gbà. Àkọ́kọ́ ni. Ó ya."

Bàbá wo másà náà títí. Omi lé sí i lójú.

"Nígbà tí mo kéré bíi tìrẹ," ló wí, "èmi ni mo máa ń jókòó tì í."

Ó gbé Màsúdát sórí bẹ́ǹṣì. Ó pín másà náà sí méjì.

"Ó gbóná," ni Bàbá wí.

"Ẹ fẹ́ ẹ," ni Màsúdát wí.

Fúù, fúù, fúù. Fúù, fúù, fúù.

Bàbá jẹ ẹ́ tán.

Ní ọ̀sán, Màsúdát yọ òkúta kúrò ní balùwẹ̀. Omi lọ. Gbururururu!

Jímọ̀ mìíràn tún dé. Ìyá Àgbà kò padà wá. Màsúdát mọ̀ pé kò ní padà wá.

Àǹtí Rodiyah gbé páànù kaná. Màsúdát jókòó tì í ní apá ọ̀tún. Bàbá gbé àga kékeré kan, ó jókòó tì í ní apá òsì.

Másà àkọ́kọ́ ya. Wọ́n pín in jẹ.