Ìgbòkun Iwájú Ọkọ̀ Májókòó

Irin kan tó ti dógùn-ún ni ọkùnrin náà gbé wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Orí ìgbòkun funfun tí obìnrin náà ń rán lọ́wọ́ ló gbé e lé, ìdọ̀tí sì yí aṣọ náà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ń fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó sì ń bà á jẹ́ sí i. Dípò kí inú bí aránṣọ, ẹ̀rín ló pa á.

Májókòó ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí ní èbúté, torí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó ti kun ilé. Ní báyìí, ó ti ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù, ó lóun fẹ́ wà á lọ síbi tójú òun ò tíì tó.

Inú ẹ̀rọ tó ń ká ìgbòkun iwájú ni irin náà ti wá. Bí ẹ̀rọ náà bá dáa, èèyàn á kàn fa okùn, ìgbòkun á sì ká ara rẹ̀ bí ẹní mọ́ wáyà tó di òpó ọkọ̀ mú níwájú. Tirẹ̀ ti há: kò ṣeé ṣí, kò ṣeé ká. Iyọ̀ omi òkun sì ti jẹ orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára kúrò, kò mọ irú èyí tí òun máa wá ohun èlò rẹ̀.

Aránṣọ wo ihò ara irin náà, tí etí ìgbòkun ń gbà wọlé, ó ronú, ó dárúkọ irú kan. Wọ́n ra ohun èlò rẹ̀; kò wọlé rárá. Obìnrin náà ní òun lòun ṣì í mú, kó má bínú.

"Mi ò bínú," ni Májókòó wí. "Mo ti rídìí tí màá fi padà wá lọ́la."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ aránṣọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ fi okùn fa Májókòó dé orí òpó ọkọ̀ kó lè wo ẹ̀rọ náà dókè. Ibẹ̀ ló ti rí i pé wáyà fúnra rẹ̀ ti ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán. Ká ní ohun èlò àkọ́kọ́ wọlé ni, ì bá ti ṣíkọ̀ láìmọ̀, òpó ì bá sì wó lé e lórí láàárín òkun. Wọ́n pinnu láti pààrọ̀ ẹ̀rọ àti wáyà lódindi. Bí wọ́n ṣe ń retí tuntun, wọ́n di olólùfẹ́.

Ìyá aránṣọ, tó fi ìgbòkun rírán tọ́ ọmọ náà dàgbà kí ojú tirẹ̀ tó di bàìbàì, kò fẹ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá. "Ọmọ mi, ọkùnrin tó bá ra ọkọ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń wò."

Ẹ̀rọ tuntun dé. Ó ku kí aránṣọ tún etí ìgbòkun ṣe kó lè bá ihò tuntun mu. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń rán an, ó ń tú u. Ìyá fọwọ́ tọ ojú rírán náà.

"Ìgbòkun lò ń tún ṣe ni, àbí ọkùnrin lò ń so mọ́lẹ̀?"

Ojú ti aránṣọ, ó parí iṣẹ́ náà. Wọ́n fa okùn, ìgbòkun ká geere, síbẹ̀ inú ẹnikẹ́ni nínú wọn ò dùn. Májókòó wá ní òun á ta ọkọ̀ náà, òun á wáṣẹ́ gidi nítòsí rẹ̀.

Inú bí aránṣọ. "Bó o bá tà á torí mi, wàá máa wò mí bí ewúrẹ́ ṣe ń wo èèkàn."

"Ọ̀wọ́n mi, kí lo wá fẹ́?"

"Gbogbo ìgbòkun tí mo rán ló ti kúrò ní èbúté yìí. Èmi nìkan ni mi ò tíì lọ ibì kankan. Mú mi dání."

Àwọn méjèèjì lọ kúnlẹ̀ fún ìyá. Ìyá sọ pé kì í ṣe omi ló ń ba òun lẹ́rù, ilé tó bá dá páropáro ni. Aránṣọ bú sẹ́kún, ó ní òun ò lọ mọ́. Ìyá ní rárá o. Ó ní àbúrò òun obìnrin ti ń fẹ́ wá bá òun gbé tipẹ́, kó máa bọ̀. Ohun tóun ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n ṣègbéyàwó kí wọ́n tó ṣíkọ̀.

Wọ́n ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín okùn àti abẹ́rẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà, wọ́n lọ.

Ìyá dúró sétí omi pẹ̀lú ọkùnrin tó ń ta okùn ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó bi í bóyá ìgbòkun iwájú ti ṣí.

"Ó ti ṣí, màmá. Ó fẹ̀ dáadáa."

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọkùnrin náà ní òun ò rí wọn mọ́.

"Ṣáà bá mi máa wò ó," ni ìyá wí. "Wò ó díẹ̀ sí i."