Àkísà Funfun Lẹ́sẹ̀ Adìẹ

Adìẹ lé kan. Kíkẹ́lọmọ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Bùsáyọ̀, tún wọn kà bí wọ́n ti ń wọlé sùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mẹ́jọ ni. Méje ló sì ní. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ṣé adìẹ ló máa wá ṣì kà?

Ká ní ó dín ni, kò ní yà á lẹ́nu. Láti ọdún tó kọjá ni ẹtà ti ń gbé adìẹ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Òkè-Ìlá. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ tí ẹran burúkú náà kọ́kọ́ dé, adìẹ òpìpì ló gbé. Ọkọ rẹ̀, Olúgbádé, yọ àdá tẹ̀ lé e, ó sì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́. Kò dìde mọ́. Ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ni wọ́n sin ín sí. Ẹtà kò tilẹ̀ jẹ́ kí opó ṣọ̀fọ̀ tán tó fi padà wá gbé márùn-ún sí i.

Bùsáyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló fi owó wáyà oníná ránṣẹ́ láti Kánádà. Ilésanmí, ọmọ Ìgèdè tó ń ṣe iṣẹ́ sólà, fi wáyà náà yí ẹ̀yìnkùlé ká, àtadìẹ àti sàréè. Ó ní kò sí ẹ̀dá tí yóò gba ìta wọlé tí iná kò ní gbé. Ó kan bọ́tìnnì mọ́ ògiri kíṣìnnì, ó ní kí Màmá máa pa á kí wọ́n tó wọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wáyà ti ń dún, tọ́, tọ́, tọ́, tọ̀sán-tòru. Òun nìkan ló sì ń bá Ìyá Bùsáyọ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ìsinmi tí ọmọ rẹ̀ bá pè. Àdáwà ò dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Nígbà mìíràn, á ti ro ọkà ẹni méjì tán kó tó rántí.

Ó pa iná wáyà, ó wọ inú ọgbà lọ mú adìẹ kẹjọ. Àkísà búlúù tó fi ń sàmì sí adìẹ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Adìẹ pupa tí ẹtà gbé kẹ́yìn ni! Lẹ́sẹ̀ òsì, ẹnìkan ti so àkísà funfun mọ́ ọn. Ó rò ó pé aládùúgbò kan ló rí i he, tó sọ ọ́ di tirẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ara adìẹ náà tutù bí omi àmù, kò sì fẹnu kan àgbàdo.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́wàá. Èyí tó lọ kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ dé, tòun ti àkísà funfun lẹ́sẹ̀ òsì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó tú àkísà kan, ó mú un lọ bá Munirah, télọ̀ tó wà lójúlé kejì, bóyá ó mọ ẹni tó ni ín.

Munirah yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, aṣọ ibùsùn ni. Ẹ wo òdòdó etí rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ìyá Bùsáyọ̀ ní òun ti rántí, ó dúpẹ́, ó gba àkísà rẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òdòdó yẹn nígbà tó ń múra ìgbéyàwó. Òun náà ló tẹ́ aṣọ ọ̀hún bo ọkọ rẹ̀ nínú pósí.

Ẹ̀rù bà á, mi ò ní purọ́ fún yín. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún pásítọ̀, kò sọ fún Bùsáyọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń kà. Mẹ́tàlá. Òpìpì ti dé. Irọ́ kọ́ ni Ilésanmí pa. Ohunkóhun kò gba ìta wọlé. Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wá.

Olúgbádé jókòó lórí sàréè rẹ̀, ó da aṣọ funfun náà borí èjìká. Ó ti ya etí aṣọ náà kan tán. Ọ̀já kan ṣoṣo ló kù lórí orúnkún rẹ̀, ó gùn ju ti adìẹ lọ.

"Kíkẹ́," ó fi ohùn Èkìtì rẹ̀ jẹ́jẹ́ pè é, "adìẹ rẹ ti pé. Ìwọ nìkan ló kù. Ó yá, ká lọ sí ulé."

Wáyà ń dún láàárín àwọn méjèèjì, tọ́, tọ́, tọ́. Kíkẹ́lọmọ bojú wẹ̀yìn. Ó rí àwo kan lórí tábìlì, àga kan, fóònù tí kò ní dún títí di ọjọ́ Ìsinmi. Adìẹ ìrànà kì í ṣe ohun àjẹgbé, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́tìnnì. Wáyà dákẹ́. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó rọra gbẹ́sẹ̀ kọjá, ó sì na ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀, kó lè rí i so dáadáa.