Ohùn Askham Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Òtítọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Mo wà níbẹ̀, mo wo aago, mo sì ti ṣọ́ra kí n má fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ohun tí n kò gbà ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú àwọn ìjọ wa ní Houston nìyí: olórin òyìnbó kan kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìjì ńlá jà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1983. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, òkú rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà obìnrin Yorùbá kan, ó fi orúkọ pè é. Obìnrin náà gbọ́n, kò dáhùn. Ìdí nìyẹn tí ó fi wà láàyè títí di òní.

Èmi ni obìnrin náà. Ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ ọgbọ́n, tí mo sì ń dákẹ́.

Neville Askham ni orúkọ olórin náà. Ọmọ apẹja ni, láti etíkun ìlà-oòrùn England. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti kọ́kọ́ la ẹnu. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó gbé gìtá, ó bá ọ̀rẹ́ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń hun gbogbo orin wọn. Ní ọdún 1966, kò sí ilé ijó tí mo wọ̀ tí n kò gbọ́ àwo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ni mí ní Leeds nígbà náà. Mo dúró nínú òjò fún wákàtí méjì láti wo Askham lójúkojú. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e sókè, yóò mọ́ lójijì. Mo mọ ohùn náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọtí tú ẹgbẹ́ náà ká. Askham dá kọrin fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà jẹjẹrẹ mú un lọ́fun. Houston ni ó wá fún ìtọ́jú. Wọ́n yọ gògóńgò rẹ̀ pátápátá. Wọ́n dá ihò sí i lọ́rùn, ibẹ̀ ni ó ń gbà mí. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kò lè ké, kò lè kùn pàápàá. Ní oṣù kejì ọdún 1983, ó gba apartment tí ó kan tèmi ní àdúgbò Fondren.

Síléètì ni ó fi ń bá mi sọ̀rọ̀. “Doc” ni ó ń kọ pè mí, nítorí pé mo ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo máa ń po ògì fún un, nítorí ohun líle kò ṣeé gbé mì fún un. Láti ẹ̀yìn ògiri ni mo ti ń gbọ́ gìtá rẹ̀. Yóò ta á, yóò dá a dúró, yóò tún ta á. Ní ọjọ́ kan tí mo gbé ògì lọ, mo rí ohun tí ó ń ṣe ní gbogbo ìgbà náà. Ó ń kọrin. Ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Kò sí ohùn kankan. Èémí nìkan ni ó ń ti inú ihò náà jáde, fùù, fùù.

Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ tí ó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò nínú ihò náà kí ó má baà dí i. Iná mànàmáná ni ó ń lò. Askham fúnra rẹ̀ ni ó fi hàn mí. Ó kọ ọ́ sórí síléètì pé bí èyí bá dúró, òun náà dúró nìyẹn. A wá fẹnu kò: bí mo bá kan ògiri, òun yóò fi òrùka rẹ̀ kàn án padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n lè mọ̀ pé àlàáfíà ni.

Ọmọ́níkẹ́, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa, kò jẹ́ kí n gbádùn.

“Àǹtí, ọkọ tí kò lè bá yín jiyàn lẹ rí yìí o.”

“Pa ẹnu rẹ mọ́.”

“Òun náà ti pa tirẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì bára mu!”

La Porte ni Ọmọ́níkẹ́ ń gbé, nítòsí omi. Nígbà tí wọ́n kéde pé ìjì ń bọ̀, ó sá wá sọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ìjì náà dé kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́. Iná lọ. Tẹlifóònù kú. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, mo kan ògiri. Ó dáhùn: kó, kó, kó.

Mo ronú kan ẹ̀rọ náà. N kò ní parọ́ pé mo gbàgbé. Mo ní bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, n ó lọ wò ó.

Ní ọ̀sán, atẹ́gùn rọlẹ̀. Omi kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta dé kókósẹ̀, àfọ́kù gíláàsì wà nínú rẹ̀. Mo kan ògiri. N kò gbọ́ nǹkan kan.

“Ẹ ò ní lọ wò ó ni?” Ọmọ́níkẹ́ bi mí.

“Ó ń sùn. Jẹ́ kí omi fà díẹ̀.”

Bàtà òjò mi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo rí i. Mo jókòó.

Pákó tí a kàn mọ́ fèrèsé mú kí yàrá ṣú. Àbẹ́là kan ni a tàn. Kò sí ìró ẹ̀rọ amúlétutù. Kò sí ọkọ̀ kankan lórí freeway. Ẹyẹ kò ké. Rédíò oníbátìrì mi wà ní pípa lórí tábìlì. Mo ń wò ó.

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ẹnì kan pè mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Àwẹ̀ró.”

Oríkì mi ni. Ìyá mi nìkan ni ó ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti kú ní ọdún 1971. Kò sí nínú ìwé ìrìnnà mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí ní Amẹ́ríkà. Ohùn Askham sì ni. Ohùn Leeds. Ó há díẹ̀, ó sì mọ́ lójijì. Ó pe orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe ń pè é.

“Àwẹ̀ró o!”

Ọmọ́níkẹ́ dìde. “Ta ni Àwẹ̀ró?”

“Jókòó.”

“Àǹtí, ènìyàn kan ń—”

“Mo ní kí o jókòó. A kì í dáhùn ìpè tí a kò bá rí ẹni tó pè wá.”

Ó wò mí. “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rù ló bí iwin? Kí ló dé tẹ́ ẹ wá dì mí lọ́wọ́ mú?”

N kò mọ̀ pé mo dì í mú. N kò sì fi í sílẹ̀.

A tẹ́tí. Ẹni tí ó bá rìn nínú omi yẹn, a óò gbọ́ ọ. A kò gbọ́ ẹsẹ̀.

Nígbà tí ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn náà kò ké mọ́. Ó rọ̀, bí ohùn ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

A jókòó bẹ́ẹ̀ títí aago méje fi kù díẹ̀, nígbà tí alábòójútó ilé dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. A tẹ̀lé e. Ó ní láti gé ṣéènì tí Askham fi há ilẹ̀kùn láti inú. Askham wà nílẹ̀, kò sí nítòsí ilẹ̀kùn rárá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri mi ni ó wà. Ìka tí ó wọ òrùka nà sí ògiri náà. Ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kí ó kàn án.

Ọmọ́níkẹ́ kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó tẹ àwọn ìka rẹ̀.

“Ó ti pẹ́,” ó sọ ọ́ sókè. “Láti òwúrọ̀ ni.”

Kò wo ojú mi.

Nígbà tí ó fi di Ọjọ́ Ìsinmi, ó ti di ẹ̀rí nínú ìjọ. Ọmọ́níkẹ́ sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n ní kí ẹni tí Ọlọ́run fún ní ọgbọ́n dìde. Èmi tí n kò gba iwin gbọ́, mo dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní oṣù kẹwàá, Helen, àbúrò Askham, kọ̀wé sí mi láti England. Ó dúpẹ́ nítorí ògì. Ó fi ẹ̀dà ìwé dókítà sínú rẹ̀, ó ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí kò yé òun. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan náà fún un, n kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ìwé dókítà náà bọ inú àpótí.

N kò mọ ohun tí ó pè mí. Ẹni tí kò ní gògóńgò kò lè fọhùn, kò sì lè pe orúkọ tí kò mọ̀. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ mi láti yẹ nǹkan wò. N kò rí ìdáhùn.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí àìsàn dá Ọmọ́níkẹ́ dúbúlẹ̀ nílé ọmọ rẹ̀ ní League City, mo mú ìwé náà lọ bá a. Kò gbà á.

“Ẹ má wulẹ̀ kà á sí mi létí, Àǹtí. Mo tẹ ìka rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò tíì le. Àgbọ̀n rẹ̀ náà kò tíì le.”

“O sì ní láti òwúrọ̀ ni.”

“Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹ rí bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà?”

Dókítà tí ó yẹ òkú náà wò ní aago mẹ́jọ alẹ́ kọ ọ́ pé kò tíì pé wákàtí méjì tí ó kú. Nígbà tí ohùn náà ń pe Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà mi, Askham ṣì wà láàyè lẹ́yìn ògiri.