Ẹsẹ̀ Igi Tó Ń Padà Wá

Ọmọ aránbàtà jókòó sídìí fèrèsé, ẹsẹ̀ igi kan wà lórí itan rẹ̀, ó ń fẹnu fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, tó rí ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà kan lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí oníkọ̀ǹpútà náà ti tò sẹ́nu láti ìta ló fọ́nká.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wá ya fọ́tò ẹsẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níta."

Bàbá ọmọbìnrin náà kì í rán bàtà láìkọ́kọ́ gbẹ́ igi bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kún pẹpẹ ilé iṣẹ́ rẹ̀ títí dé àjà. Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà yóò ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níwá lẹ́yìn, yóò sì mọ ìrísí wọn, kí ó lè tètè wá èyí tó bá ẹsẹ̀ oníbàárà tuntun mu. Bí iṣẹ́ náà bá ti parí, ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà yóò rán an lọ sí ìlú mìíràn.

Ọmọbìnrin náà ló ń di ẹsẹ̀ igi mú, tó ń rọra yí i.

"Ẹ má mira."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ń gbọ̀n," ọmọbìnrin náà fèsì.

Òótọ́ ni. Ọkàn oníkọ̀ǹpútà ti ń fà sí ọmọbìnrin náà, àyà sì ń já a bó ṣe ń rí i tí ẹsẹ̀ tí kò tíì yà ń tán lọ lórí pẹpẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ gbé àwòrán méjì síra, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Kò pẹ́, ó tún rí irú ẹ̀. Oníkọ̀ǹpútà gbójú sókè.

"Ẹsẹ̀ yìí ti wá sọ́dọ̀ mi rí."

"Bóyá ó jọ òmíràn ni."

"Ẹ̀rọ mi ní kò jọ òmíràn, òun gan-an ni."

Ọmọbìnrin náà mú ẹsẹ̀ náà kúrò lórí tábìlì. "Èmi ni mò ń dá wọn padà sáàárín èyí tẹ́ ẹ ò tíì yà," ó ní. "Bó bá parí, ẹ máa lọ. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ."

Oníkọ̀ǹpútà gbé ẹsẹ̀ náà padà sórí tábìlì. "Àrídunnú mi, jẹ́ ká tún un yà. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mi ò wò ó dáadáa."

Ṣùgbọ́n àgbà kì í ṣe ọmọdé. Bàbá rí i bí iṣẹ́ ṣe ń falẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ilé.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọkọ lọ sọ́nà jíjìn. Fọ́tò rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Mi ò ní í jẹ́ kí ìwọ náà di fọ́tò."

Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin náà ò dá ẹsẹ̀ kankan padà mọ́. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe parí, tí oníkọ̀ǹpútà di ẹrù rẹ̀.

Ní ìlú tó lọ, ó jókòó ti àwọn àwòrán náà. Ìrísí ẹsẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ fẹ́. Ìka ọmọbìnrin tó yọ létí wọn, ńṣe ló yẹ kó gé e dànù. Ó gé gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó fi ti àwòrán kan sílẹ̀. Àárò ọmọbìnrin náà ń sọ ọ́ gidi. Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, bí ilẹ̀kùn bá ti dún, ọmọbìnrin náà á fò dìde, á sì rọra padà jókòó.

Òjò ti dá lọ́jọ́ tí oníkọ̀ǹpútà padà wá. Bàbá nìkan ló bá nídìí awọ.

"Bàbá, mo fi ipò tí mo wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kó fi mí síbí pátápátá, ó sì gbà. Mo ti gba yàrá sí ìsàlẹ̀ òpópó yìí. Ọmọ yín ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún mi; mi ò wá mú u lọ. Ibi tẹ́ ẹ ti lè máa pè é, kó sì jẹ́ yín, ni mo fẹ́ ká máa gbé."

Bàbá gé awọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ọmọ mi!"

"Bàbá!" Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọmọbìnrin náà ti dáhùn.

"Ṣé o gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́, bàbá." Ó ti jáde síta, omijé ti bò ó lójú, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lo rí sí i?"

"Òun ni mo fẹ́."

Bàbá wo àwọn méjèèjì títí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ó dáa. Lọ gbé àga wá fún ọkọ rẹ."