Ẹni Tó Fọ́ Ìsinmi Ọ̀sán

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé o," ni Ìyáàfin Haslinger tó ń ṣàkóso ibùdó wa wí, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí níwájú àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan. "Lánàá, ẹ ń kan èèkàn mọ́lẹ̀ nígbà tí gbogbo ibùdó ń sùn. Lónìí, rédíò. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ó di ẹrù yín, ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì padà sí Munich. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"A gbọ́, mà," ni Vroni dáhùn. Ó ti pa rédíò náà kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Severin tó tàn án gan-an ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí ń ka ẹyẹ.

Ní ibùdó wa létí odò Isar, a kì í fi ìsinmi ọ̀sán ṣeré. Láti aago kan sí aago mẹ́ta, igi ẹnu ọ̀nà á wà ní títì, ọkọ̀ ò ní wọlé, ọkọ̀ ò ní jáde, bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ dún. Ajá Bàbá Xaver, arúgbó tó pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pàápàá mọ̀ ọ́n. Bí aago bá ti lù, á ká jọ sábẹ́ tábìlì. Ẹni tó bá da ìsinmi rú yóò gbá ilé ìwẹ̀. Ẹni tó bá dà á rú lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò lọ sílé. Àwọn ará ìlú lè pè é ní àṣejù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sùn lọ́sàn-án lábẹ́ àwọn igi wa, tí atẹ́gùn ń gba ẹnu àgọ́ wọlé, tí kò gbọ́ nǹkan kan ju omi lórí òkúta lọ, kò ní bá mi jiyàn. Mo ti ń pàgọ́ síbẹ̀ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, oorun ibẹ̀ kò sì tíì sú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Vroni. Láti ìgbà òjò dídì ló ti ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun, Severin àti Mareike, wá pàgọ́ láìsí àgbà kankan pẹ̀lú wọn. Bàbá gbà, ó tilẹ̀ yá a ní àgọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Bí mo bá gbọ́ ẹjọ́ kan péré, kò sí àgọ́ mọ́ títí wàá fi parí ilé ìwé." Mo wo Vroni bó ṣe ń so okùn àgọ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Gbogbo rẹ̀ le dáadáa, kò sí èyí tó dẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ náà lójú ẹsẹ̀.

Pápá ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, lẹ́bàá omi gan-an, níbi tí àwọn tó ní ọmọ kéékèèké máa ń fẹ́ pàgọ́ sí nítorí pé ó tutù. Àwa arúgbó wà lókè, létí igbó.

Lọ́jọ́ kejì tí Ìyáàfin Haslinger kìlọ̀ fún wọn, oòrùn mú gan-an. Lórí wa, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Níhà àwọn òkè ńlá nìkan ló ṣú dùdù. A jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, aago kan lù, gbogbo ibùdó dákẹ́. Èmi náà ń hanrun. Severin fúnra rẹ̀ ló rò fún mi lẹ́yìn náà ohun tó ṣẹlẹ̀.

Òùngbẹ gbẹ Vroni, ó sì lọ mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó rì sáàárín òkúta létí odò. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló ń wá fìríìjì nígbà tí Isar wà níbẹ̀? Kò bá ìgò kankan. Ó kọ́kọ́ rò pé Severin ló ti mu ún. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàkíyèsí pé òkúta pẹrẹsẹ tí òun jókòó lé láàárọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Omi tó dà bí ewé tútù láàárọ̀ ti di ẹrẹ̀, ẹ̀ka igi tí ewé rẹ̀ ṣì tutù sì ń bá a lọ. Lójú rẹ̀ báyìí ni omi fọwọ́ kan bàtà ọmọdé kan tó wà lórí òkúta wẹ́wẹ́, tó sì gbé e.

Ó sáré padà sí àgọ́.

"Severin, dìde. Odò ń kún."

"Ìgò dà?"

"Omi ti gbé e lọ. Mo ní odò ń kún."

"Òjò wo ló rọ̀? Wo ojú ọ̀run."

"Orí òkè ló ti rọ̀."

Mareike dìde jókòó. "Ká lọ jí Ìyáàfin Haslinger jẹ́jẹ́."

"Ilé wọn wà lókè lọ́hùn-ún. Ká tó lọ ká tó bọ̀, omi á ti dé ibí."

"Tí kò bá wá dé ńkọ́?" ni Severin wí. "Wọ́n á lé wa, bàbá ẹ á sì gbọ́. Ìwọ ìyá àgbà yìí, ẹ̀rù ń bà ẹ́ lásán. Lọ sùn."

Ohun tí Vroni kọ́kọ́ ṣe, ọmọ ibùdó wa nìkan ló lè ṣe é. Ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn láti àgọ́ dé àgọ́, ó ń fi èékánná ha aṣọ wọn, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, odò ń bọ̀." Nínú àgọ́ kejì, ọkùnrin kan fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn pé, "Ìsinmi ọ̀sán ni o, ọmọ mi." Omi ti dé orí koríko.

Ọmọ náà dúró. Ó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ, ó sì mọ̀ pé kò sí àwáwí kankan tí wọ́n máa gbọ́ bí omi bá padà sẹ́yìn. Ó gbé ìkòkò wọn, ó mú ìgbákọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí lù ú kíkankíkan, ó ń kígbe pé, "Ẹ dìde. Omi dé. Ẹ gbé àwọn ọmọ yín."

Bàbá Xaver ló kọ́kọ́ jáde lókè, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọmọ ta ni aláìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn?"

Ìgbákọ ni Vroni nà sí odò. Bàbá náà wò ó, ó yí padà wọlé. Ọmọ náà rò pé ó ti padà lọ sùn. Kò pẹ́ ló jáde tòun ti ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ àti òòlù, ariwo rẹ̀ sì bo ti Vroni mọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin olóorun, ṣé ẹ fẹ́ di ẹja ni?"

Ìgbà yẹn lèmi náà jí. Ẹ ò bá rí wa. A ń gbé àgọ́ lódindi, ẹnì kan ní igun kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gbé bẹ́ẹ̀dì. Severin pọn ọmọ kan, ó gbé èkejì mọ́yà, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní ìyá àgbà mọ́. Kí aago mẹ́ta tó lù, pápá ìsàlẹ̀ ti di odò. Àgọ́ kan ṣoṣo ni omi gbé lọ. Àgọ́ bàbá Vroni ni, nítorí pé ti àwọn ẹlòmíràn ni ọmọ náà ń bá wọn tú. Ó dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ, ó sì sunkún.

Ìyáàfin Haslinger dé àárín wa. "Ta ló kọ́kọ́ fọ́ ìsinmi ọ̀sán?"

"Èmi ni, mà," ni Vroni wí. Kò tilẹ̀ nu ojú.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Mo ní ẹ ó di ẹrù yín." Ó wo omi. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àgọ́ mọ́, kí ni yóò dì? Inú ilé mi lẹ máa sùn. Ní ti ilé ìwẹ̀, òfin lòfin. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Vroni lọ mú ìgbálẹ̀. Bàbá Xaver na ọwọ́. "Fún èmi náà ní ọ̀kan. Mo lu ìdérí ìkòkò." Ìyá àwọn ọmọ tí Severin gbé ní òun náà pariwo. Báyìí ni gbogbo wa ṣe tò sẹ́nu ilé ìwẹ̀, ọ̀dọ́ àti arúgbó, títí ìgbálẹ̀ fi tán.

"Zenta, àwa ò ha gbọ́ ohùn tìẹ náà nínú ariwo yẹn?" ni Bàbá Xaver bi Ìyáàfin Haslinger. Ó lọ wá kóróbá.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá Vroni gbọ́ pé odò kún, ó sì wa mọ́tò dé. "Ṣé ẹjọ́ wà?" ló bi wá.

"Ẹjọ́ kan wà," ni Bàbá Xaver wí. "Ọmọ ẹ ò jẹ́ ká sùn. Ra àgọ́ míì fún un, kó tètè padà wá."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Lọ́jọ́ náà, orí àwa àgbà ló wọ́, ọmọdé ló bá wa tún un ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ máa pa òfin mọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n nítorí kí ènìyàn lè sùn ní àlàáfíà la ṣe ṣòfin tiwa. Bí omi bá ti dé ẹnu àgọ́ ẹnìkejì yín, ẹ lu ìkòkò, kí ẹ sì mọ̀ pé ìgbálẹ̀ ń dúró dè yín. Ẹ gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín.