Bíà Dúdú Láti Ilé Oògùn

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Hilding Brodd, ó wọlé bí ẹni tó fẹ́ jà. Ó gbé ìgò kan kalẹ̀ níwájú mi lórí káńtà ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ní:

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ nǹkan yìí?”

Èmi ni mo kọ ọ́. Ìwé pélébé tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn ni. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: “Ṣíbí ìjẹun kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ mi ìgò dáadáa kí ẹ tó lò ó.”

“Ṣé kò yé yín ni?” mo bi í. Èmi náà ti múra ìjà tèmi sílẹ̀.

“Ó yé wa o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìyá mi àgbà ti ń mi bíà bí ẹni ń mi oògùn ikọ́. Ó ti tú sí àjà ilé. Ó ti tú sára ológbò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á fi ṣíbí bù ú mu, wọ́n á máa ráhùn pé ayé ti bàjẹ́.”

“Kí ló dé tí wọn ò kàn dà á sínú ife?”

Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. “Ilé oògùn ló kọ ọ́. Ta ló máa yẹ àṣẹ ilé oògùn?”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé wèrè ni gbogbo wa. Lọ́dún 1951, nílùú wa ní Tångevik, bí bíà tó le bá ń wù yín, bíà dúdú kìjikìji tí wọ́n ń pè ní pọ́tà, ilé ọtí kọ́ lẹ máa lọ. Òfin Sweden ò gbà á. Dókítà ló máa kọ ọ́ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín ò tó, tàbí pé oúnjẹ ò wù yín í jẹ, ẹ ó sì wá gbà á lọ́dọ̀ wa, láàárín òróró ẹja àti oògùn inú rírun. Oògùn ni lójú mi. Ohun tí mo máa ń kọ sára oògùn ni mo kọ sára rẹ̀.

“Ṣé ẹ ò tọ́ ọ wò rí ni, Omidan Hallin?” Ó ti ka orúkọ mi lára aṣọ iṣẹ́ mi.

“Èmi ké? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

Ìbínú rẹ̀ bá rọlẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà ò sì mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Òórùn ọkà yíyan ń jáde lára ẹ̀wù rẹ̀. Òun ló ń yan ọkà báálì ní ilé ìpọntí tó wà létí èbúté, níbi tí wọ́n ti ń ṣe pọ́tà ọ̀hún gan-an. Mo kọ ìwé mìíràn fún un, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ó sì lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń ronú nípa òórùn yẹn.

Kò yẹ kí n ronú nípa rẹ̀ o. Bàbá mi, Efraim Hallin, tó ń rán ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, ni alága ẹgbẹ́ àwọn tí kì í mutí nílùú wa. Bàbá tó bí wọn mu ọkọ̀ ojú omi wọn tán, ó mu ilé wọn tán, kó tó wá kú sínú yìnyín. Láti kékeré ni bàbá mi ti kórìíra ọtí bí ẹni kórìíra ejò. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, èmi náà dìde nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé n kò ní fi ẹnu kan ọtí títí ayé. Ìyá mi ti kú nígbà náà. Èmi àti bàbá mi nìkan la kù nínú ilé, n kò sì ní ẹlòmíràn láyé.

Àmọ́ olófìn-íntótó ni wọ́n bí mi. Bí nǹkan bá ti rú mi lójú, oorun ò ní kùn mí. Nítorí náà, nígbà tí Hilding padà wá, tó ní, “Ìyá mi àgbà ní kí ẹ wá kí àwọn lọ́jọ́ Àìkú, àwọn fẹ́ fojú rí ẹni tó fi ṣíbí jẹ àwọn níyà,” mo ní màá wá.

Ìyá àgbà yẹn, Malvina Brodd, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, ojú wọn sì mú ju ti àwa ọ̀dọ́ lọ.

“Ìwọ lo ní kí n máa mi pọ́tà?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Má bẹ̀ mí. Jókòó. Hilding ní o ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ẹnu lo fi jẹ́ ẹ, àbí imú?”

“Ẹnu ni, mà.”

“Ó dáa. Imú rẹ ò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan nìyẹn. Ojú rẹ náà ò sì jẹ́. Hilding, lọ gbé ìgò kan wá lábẹ́ ilé.”

Ìgò náà ò tutù. Mo rò pé wọ́n á ti kì í bọ inú yìnyín, àmọ́ Ìyá Malvina ní ẹni tó bá mu pọ́tà ní tútù, omi ló mu. Hilding tẹ ife dẹ̀gbẹ́, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀. Ìfófòó rẹ̀ ò funfun, ó dà bíi kọfí tí wọ́n da mílíìkì sí. Mo ní ó dúdú bí ọ̀dà. Hilding gbé ife náà sí ojú fèrèsé, ó ní kí n tún un wò. Létí ife, níbi tí oòrùn ti kàn án, pupa ni. N kò lè mójú kúrò níbẹ̀.

“Gbóòórùn rẹ̀,” Ìyá Malvina wí. “Kí ló jọ?”

“Búrẹ́dì tó jó.”

“Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn. Kí ló wà lẹ́yìn búrẹ́dì?”

“Kọfí.”

“Lẹ́yìn kọfí ńkọ́?”

Mo di ojú mi. Ó pẹ́ kí ó tó dé. “Èso gbígbẹ. Súìtì dúdú tí àwọn ọmọdé máa ń jẹ. Lẹ́yìn náà… ẹ má bínú o, ó jọ ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.”

Nígbà tí mo lajú, Hilding ń wò mí. “Ogún ọdún ni àwọn kan ti ń mu ún,” ó ní, “wọn ò gbọ́ òórùn ọ̀dà yẹn rí.”

Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Kí n má purọ́, inú mi dùn ju bí ojú ṣe tì mí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bí bàbá mi bá bi mí, màá ní mò ń lọ kí ìyá àgbà kan tí ara wọn ò yá. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgò ọdún yìí àti ìgò ọlọ́dún mẹ́ta láti ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé èyí tó bá ti pẹ́, ìbínú rẹ̀ ti lọ. Ohun kan ṣoṣo tí n kò mọ̀ ni bó ṣe rí lẹ́nu.

Èmi àti Hilding ò sì tíì kọjá “ẹ”. Nílùú wa nígbà yẹn, èèyàn méjì ò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n máa pe ara wọn ní “ìwọ”. Obìnrin ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a lábàá, kí àwọn méjèèjì gbé ife sókè, kí wọ́n mu ún. Lọ́jọ́ kan, ó sú Ìyá Malvina.

“Omidan, ẹ mú ṣúgà! Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ṣeun! Ẹ, ẹ, ẹ! Ṣé ẹ fẹ́ kú sínú ‘ẹ’ ni? Gunvor, gbé ife!”

Mo gbé ife mílíìkì, ó gbé ife pọ́tà. “Gunvor lorúkọ mi,” mo ní. “Hilding lorúkọ tèmi.” A mu ún. Ìfófòó wà lókè ètè rẹ̀, mílíìkì wà lókè ètè mi.

“Gunvor,” ó ní, “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ.”

“Ah-ah! Ṣé kò yá jù?” mo ní. Àmọ́ ọwọ́ mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú oṣù Karùn-ún ló ní kí n fẹ́ òun. Mo lọ sọ fún bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń rán ìgbòkun.

“Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

“Ó ń yan ọkà, Bàbá.”

“Fún ta?”

“Fún ilé ìpọntí, Bàbá.” Bàbá mi fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. “Kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Bí kò bá fi í sílẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí o bá tẹ̀ lé e, má padà síbí mọ́.”

Hilding ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Màá fi í sílẹ̀, olólùfẹ́ mi. Wọ́n ń wá èèyàn níbi tí wọ́n ti ń kó ẹja sínú agolo.” Ó yára sọ ọ́. Ìyá Malvina yíjú sí ògiri.

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé láti ìta ló ti máa gbọ́ òórùn ọkà tó fẹ́ jó, kó lọ máa gé orí ẹja títí ayé nítorí mi? Inú bí mi, n kò sì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí.

“Rárá,” mo ní. “Ìwọ kọ́ lo jẹ́ ẹ̀jẹ́, èmi ni. Ọmọdé ni mí nígbà náà, n kò mọ ohun tí mò ń kọ̀. Èmi ni màá lọ dá a padà.”

“Níwájú bàbá rẹ?”

“Bí mo bá tọ́ ọ wò ní kọ̀rọ̀, olè ni mí. Bí mo bá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, ọmọ wọn ṣì ni mí, bí wọ́n tilẹ̀ lé mi.”

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Gbọ̀ngàn kún. Bàbá mi jókòó sórí àga alága, ọ̀já búlúù wà lọ́rùn wọn. Mo dìde. Mo ní mo wá dá ẹ̀jẹ́ mi padà. Òfin ẹgbẹ́ ti la ohun tí alága máa bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, bàbá mi ò sì ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni rí.

“Ta ló ń dá ẹ̀jẹ́ rẹ̀ padà?”

“Gunvor Hallin.”

“Ọmọ ta ni?”

“Ọmọ Efraim Hallin.”

Òòlù kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n máa fi ń lu tábìlì. Wọ́n gbé e sókè, wọn ò lù ú. Nígbà tó yá, wọ́n kàn rọra gbé e kalẹ̀, wọ́n ní, “A ti gbọ́.”

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Malvina bu díẹ̀ fún mi nínú èyí tí dókítà kọ fún wọn. “Ẹ̀jẹ̀ mi á fara dà á,” wọ́n ní. Mo gbé e sẹ́nu.

“Yéè! Ó korò!”

Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. “Fara balẹ̀,” Hilding wí, “gbé e mì, má sọ̀rọ̀, kó o sì dúró.” Mo dúró. Ìkorò náà rọra kúrò, adùn kan gba ẹ̀yìn wọlé, búrẹ́dì dé, kọfí dé, èso gbígbẹ dé, gbogbo àwọn tí imú mi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó dùn mọ́ mi, mo sì mọ ohun tí mo san kí n tó mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi ò lé mi. Ì bá sàn kí wọ́n lé mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, wọ́n á bo abọ́ kó má baà tutù, wọ́n á lọ. Mo sọ fún Hilding pé n kò ní ṣe ìgbéyàwó láìsí bàbá mi níbẹ̀. Ó ní òun á dúró. Mo bi í pé dìgbà wo, kò mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń bó pòtétò. Bàbá mi jáde wá, wọ́n jókòó sórí àga kejì. Wọn ò wò mí.

“Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?” wọ́n bi mí.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. “Kí ni, Bàbá?”

“Nǹkan yẹn. Ogójì ọdún ni mo ti ń bá a jà, n kò mọ bó ṣe rí.” Wọ́n wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. “Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí bàbá mi bá ti dé, èmi ni mo máa ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo máa ń gbọ́ òórùn ọtí yẹn, màá sì máa rò ó pé, kí ni wọ́n rí níbẹ̀ tó dùn jù wá lọ?”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. N kò fẹ́ tàn wọ́n jẹ. “Ó korò, Bàbá. Lẹ́yìn náà, ó dà bíi búrẹ́dì tí ẹ̀yìn rẹ̀ jó díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dùn, ó sì tán. Ó dára. N kò ní purọ́ fún yín, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n mo wá a dé ìsàlẹ̀ ife, Bàbá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó dùn jù yín lọ.”

Wọ́n dìde. Wọ́n wọlé, mo rò pé wọ́n ti lọ, àfi bí wọ́n ṣe mú ọ̀bẹ kan jáde. Wọ́n mú pòtétò kan nínú bàsíà, wọ́n ń bó o.

“Ọmọkùnrin yẹn,” wọ́n ní, “ṣé ó ń jẹ ẹja?”

“Ó ń jẹ ẹ́, Bàbá.”

“Bó pòtétò sí i nígbà náà. Kí o ní kó wá lọ́la.”

Bí wọ́n ṣe fi mí fún ọkọ nìyẹn.