Ojú Ọmọ Mi Lára Àǹkárá

Aṣọ tuntun kì í tutù. Ẹni tó bá ti tú ìdì àǹkárá rí mọ̀ pé ooru ló máa ń wà nínú rẹ̀, òórùn aró á sì gba imú èèyàn. Èyí tí mo tú láàárọ̀ ọjọ́ náà nínú ìsọ̀ mi ní ọjà Adjamé Roxy, ní Abidjan, tutù bí ara òkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo fa ìpele àkọ́kọ́ jáde, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ọmọ mi ń wò mí.

Hugues ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tó ti kú.

Ó ti dàgbà sí i. Ewú ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ó wọ aṣọ àlùfáà. Ṣùgbọ́n àpá òkè ojú òsì wà níbẹ̀, èyí tó gbà nígbà tó ṣubú lẹ́bàá kànga bàbá rẹ̀ ní Kétu. Mi ò kígbe. Ọkọ mi kú, ọjà ló bá mi tọ́ ọmọ náà. Ẹni tí ọjà bá ti lù tó bẹ́ẹ̀ kì í kígbe níwájú oníbàárà. Mo kàn jókòó lé ìdì aṣọ náà.

Madame Delphine ló wá kó ọjà. Òun ni ìjọ wọn ní kó bójú tó aṣọ ayẹyẹ. Wọ́n fẹ́ fi père kan, ìyẹn àlùfáà, jẹ ọ̀gá tuntun ní yunifásítì àwọn Kátólíìkì, recteur ni wọ́n ń pe oyè náà, gbogbo wọn ló sì fẹ́ wọ ojú rẹ̀ sọ́rùn lọ́jọ́ náà.

"Tantie Ursule, ẹ wo père wa! Ó rẹwà àbí kò rẹwà?"

"Ó rẹwà."

"Ẹ má wò ó jù o, Ọlọ́run ti fẹ́ ẹ ṣáájú yín." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ bá mi gé e ní ọ̀pá méjì-méjì."

Mo gbé àlùmọ́gàjí. Ibi tí ọ̀pá méjì parí sí, ọrùn rẹ̀ gan-an ni. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo ní kó kó gbogbo rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn télọ̀ gé e. Mo wá bi í, bí ẹni tí kò ka nǹkan kan sí, pé kí lorúkọ père náà.

"Père Hugues. Ará Bénin bíi tiyín ni. Ẹ gbọ́dọ̀ wá o, màá gba àyè sílẹ̀ fún yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kú. Ó wà nílé ẹ̀kọ́ àlùfáà nígbà náà. Èmi àti òun la jọ wọ mọ́tò kúrò ní Kétu, à ń lọ sí Cotonou, mọ́tò wa sì lọ kọlu ọkọ̀ agégedú. Nígbà tí mo dìde, ibì kankan ò dùn mí. Ó wà nílẹ̀ nínú koríko, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Òkú ni òkú ń jẹ́. Mi ò dúró de pósí. Ẹsẹ̀ mi kan ṣáà gbé mi, ó ń gbé mi lọ, títí mo fi bá ara mi ní Abidjan, mi ò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn ará Kétu kan lọ́jà, màá palẹ̀ ọjà mọ́. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Mo yọ ìpele kan pamọ́ nínú aṣọ náà, mo fi han Sàlíhà, ọmọ Ìgbòho tó ń ta ìbòrí ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi. Ó wò ó, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbọ́ nípa àkúdàáyà?"

"Ta ni ò gbọ́?"

"Ẹni tó kú láìtọ́jọ́, tó wá lọ ń gbé ìlú mìíràn bí èèyàn. Á ṣiṣẹ́, á jẹun, wọ́n á máa bẹ́rí fún un. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé bá bá a ṣe ojú mẹ́rin, ó tán. Á pòórá." Ó di apá mi mú. "Ẹ má lọ síbẹ̀."

"Ọmọ mi ni, Sàlíhà."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ má lọ. Ṣé ẹ fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Mo gbìyànjú. Ọlọ́run rí mi. Mo ń ta ọjà, mi ò mọ iye tí mo ń pè. Oúnjẹ di iyanrìn lẹ́nu mi. Ní Roxy, ibi tí mo bá yíjú sí, obìnrin kan á kọjá pẹ̀lú ojú ọmọ mi lórí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ayẹyẹ náà kù dẹ̀dẹ̀, mo lọ bá Sàlíhà, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí.

"Ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ rí. Bí ó bá ti ń kọjú sí pẹpẹ, màá wò ó fìrí, màá sì máa lọ. Yá mi ní ìbòrí tó lè bo ojú."

"Wọ́n á ní ìmáàmù ti sọ yín di Mùsùlùmí."

"Màríà náà ò ha ń borí?"

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀. Dúdú ló fún mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Mo sá sẹ́yìn òpó. Delphine tó ti gba àyè sílẹ̀ rí mi, ó wá jókòó tì mí pẹ̀lú agídí. "Tantie, gbèsè ta lẹ jẹ tẹ́ ẹ fi ń sá báyìí?" Mo fara pa mọ́ òpó. Níwájú, Hugues kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé Ìwé Ìhìnrere, ó búra. Bíṣọ́ọ̀bù fi ẹ̀wọ̀n oyè sí i lọ́rùn, àtẹ́wọ́ sì ró bí òjò lórí páànù. Mo rí ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ó tó mi. Mo dìde kí n máa lọ.

Àṣé ìgbà náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ wá fi omi mímọ́ wọ́n àwọn èèyàn. Ọ̀nà dí. Mo jókòó padà, mo dijú pinpin, mo fa ìbòrí bo imú. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀. Òórùn tùràrí dé. Bàtà náà dúró níwájú mi.

"Màmá?"

Ohùn náà ló la ojú mi. A wo ara wa. Mo ń retí kó pòórá, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú èmi dípò rẹ̀. Hugues ò pòórá. Òógùn wà níwájú orí rẹ̀. Omi tó wọ́n ti mú bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé tutù. Itan mi gbẹ.

"Màmá, ọkọ̀ yẹn ò pa mí," ló wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo bu iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí yín ní Kétu. Kí lẹ ń wá níbí?"

Ó na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ náà kan pákó bẹ́ǹṣì.

Delphine gbójú sókè sí i. "Mon père, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀."

Mo la ẹnu kí n kí ọmọ mi kú oríire. Ohùn ò jáde.

Ìlú tí mo wà báyìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó jìnnà. Mo ti rí ibi kan tà sí. Obìnrin tó gbà mí sí ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́ èèyàn rere, ó sì fẹ́ràn ìtàn. Lánàá, ó bi mí bóyá mo bímọ rí.

Mo ní rárá.